Ẹ̀bà Tí Ọkọ̀ Bàbá Mi Jẹ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ń gbé ike omi lé mi lórí kí n tó rí oúnjẹ àárọ̀ jẹ, Koumassi ní Abidjan ni à ń gbé, ní àgbàlá ńlá kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà. Àwọn ará Ṣakí àti Ìgbòho ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn Jùlá wà, àwọn Baoulé wà, gbogbo wa la jọ ń yá ara wa níyọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ti géètì yín pa kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kò lè mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ irin kékeré kan ni, tó há sínú ọkọ̀ bàbá mi, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ìyá àgbà wa lọ́nà ilé.

Bàbá mi ń ta aṣọ. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, tó fi ń kó ọjà lọ sí Abobo àti ibikíbi tí ọjà bá ti ń ná. Ìyá tó bí i, ìyá àgbà wa, ti wá láti Ṣakí wá wẹ ọmọ nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ní àwọn yóò lò. Àbúrò mi ti ń sáré kiri, ìyá àgbà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Orí ẹní kan náà ni àwa méjèèjì ń sùn. Wọn kò gbọ́ Faransé ju "bọ́njúù" lọ, bọ́njúù náà ni wọ́n sì fi ń kí ènìyàn láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tí inú bá ń bí wọn. Èmi ni mo ń jẹ́ ẹnu fún wọn lọ́jà. Bí wọ́n bá bú ẹlẹ́ja ní Yorùbá, ṣe ni mo máa ń yí èébú náà padà di ìkíni, wọn a sì máa yìn mí pé mo sọ ọ́ dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò Ṣakí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé wọlé wá. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ ọ́.

"Ìyá, ẹ̀gbọ́n yín kò lè dìde nílẹ̀ mọ́ o. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ń retí yín."

Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Ìyá àgbà kò sunkún. Wọ́n dìde, wọ́n tẹ́ ìró kan sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ti ìyá àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé lásán mọ́. Wọ́n fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n wọn láàyè.

Bàbá mi ní òun fúnra òun ni yóò fi ọkọ̀ gbé wọn lọ. Ọkọ̀ èrò wà o, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń bọ̀, awakọ̀ kan ti já wọn jù sílẹ̀ ní ẹnubodè Ghana tẹrùtẹrù, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti búra pé àwọn kò ní wọ ọkọ̀ ẹni tí àwọn kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìyá Òkè Ògùn. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ó parí nìyẹn.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí bàbá mi bá ti tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀ láti yí jíà, ọkọ̀ a ké bí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkaníìkì wa, ọmọ Ìsẹ́yìn kan tí garáàjì rẹ̀ wà lábẹ́ igi lẹ́yìn ọjà. Ó mọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn, àwa ọmọdé máa ń pè é ní Ọ̀gá.

Ọ̀gá sọ àpótí jíà kalẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí wàhálà wà. Ní ìdí ẹ́ńjìnnì, ihò kan wà tí kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ, tí kò sì já sí òdìkejì. Inú ihò yìí ni rulumáà kan ń gbé, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bíárìn, òrùka irin kékeré tó ní àwọn ọmọ irin róbótó nínú. Òrùka yìí ló máa ń gba orí ọ̀pá jíà dúró. Ó ti gbó, ìpẹtà ti mú un, ó sì ti lẹ̀ mọ́ inú ihò. Bí ihò náà bá já sí òdìkejì ni, ẹ̀yìn ni wọn ìbá gbà tì í jáde. Kò sí ẹ̀yìn.

Ọ̀gá gbìyànjú. Ó fi epo òyìnbó rẹ ẹ́ mọ́jú. Ó lọ yá irin ìfàyọ kan tó ní èékánná bíi ti àṣá, ṣùgbọ́n èékánná náà nípọn ju ihò àárín òrùka lọ. Ó yọ iná sí i, ó gbóná, ó tutù, kò mira. Ó di gíríìsì sínú ihò, ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó fi òòlù lù ú, kí gíríìsì lè ti òrùka náà láti ẹ̀yìn. Gíríìsì gba àárín àwọn ọmọ irin jáde, ó kán sílẹ̀.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ó máa ń wí. "Demain matin, ó ti parí."

Demain matin yẹn, àárọ̀ ọ̀la tí kì í dé, a gbọ́ ọ títí ó fi sú wa.

Nígbà tó yá, ìyá àgbà kò dúró nílé mọ́. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọn a ní kí n ru ẹrù, a ó lọ sí garáàjì, wọn a sọ ẹrù kalẹ̀ sábẹ́ igi, wọn a jókòó lé e. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Tẹ̀sùbáà wọn ni wọ́n ń fà, ojú wọn kò sì kúrò lára ọkọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, iṣẹ́ kì í rọrùn fún ènìyàn bí àgbàlagbà bá jókòó lé ẹrù tó ń wò ó.

Èmi ní tèmi, n kò fẹ́ kí irin náà jáde. Mo fẹ́ràn ìyá àgbà púpọ̀. Ta ni yóò máa họ ẹ̀yìn fún mi títí n ó fi sùn? Bí Ọ̀gá bá ti gbé òòlù sókè, mo máa ń dijú, mo máa ń sọ sínú pé, "Irin, má dá wọn lóhùn."

Ọ̀gá mọ ohun kan tó kù láti ṣe, ojú ló ń tì í. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìbàdàn máa ń di ẹ̀bà sínú irú ihò bẹ́ẹ̀ dípò gíríìsì, nítorí ẹ̀bà ki, kì í tètè ráyè sá jáde. Ṣùgbọ́n garáàjì àwọn ẹlòmíràn ló yí tirẹ̀ ká, wọ́n sì ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ pé àwa Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, gàrí la fi ń ṣe ohun gbogbo. Bí wọ́n bá rí i tó ń fi gàrí tún ọkọ̀ ṣe, ó tán fún un ní Koumassi. Àfi ọ̀sán ọjọ́ tí ìyá àgbà kọ oúnjẹ, tí wọ́n ní àwọn kò ní jẹun mọ́ àfi lójú ọ̀nà Ṣakí. Ọ̀gá ju òòlù sílẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ẹ̀bà. Ẹ̀bà nìkan. N kò fẹ́ ọbẹ̀."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. "Háà! Ebi ló ti ń pa ọmọ yìí látọjọ́ yìí! Ẹni tí ebi ń pa, ṣé ó lè tú irin ni?"

Kí Ọ̀gá tó lanu, a ti dórí títì. Ta ló ń gbé ẹ̀bà fún ọmọ ọlọ́mọ láìsí ọbẹ̀? Ìyá àgbà tẹ ẹ̀bà rírọ̀ tó ń dán, wọ́n fi epo díẹ̀ ra á lára, wọ́n bu ilá sí àwo kejì, wọ́n fi ẹran sí i. Nígbà tí a gbé e dé, Ọ̀gá wo oúnjẹ, ó wo ìyá àgbà. Ó fọwọ́, ó jẹ ìdajì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wá rọra bu èyí tó kù, ó dì í sínú ihò, ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó gbé òòlù lé e.

Ẹ̀bà fọ́n jáde. Ó bá Ọ̀gá lójú, ó bá a ní imú, ó bá ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ní irùngbọ̀n. Gbogbo garáàjì dìde.

"Eh! Les Anango! Voiture-là a faim!" Wọ́n ní ebi ń pa ọkọ̀ Ànàgó. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnìkan jókòó sílẹ̀.

Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Oúnjẹ lo ń fi òòlù lù? Oúnjẹ tí mo fi ọwọ́ mi sè?"

Ọ̀gá nu ojú, ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé ohun gbogbo látòkèdélẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo inú ihò náà.

"Èyí tó rọ̀ ni mo tẹ̀ fún ènìyàn," ni wọ́n wí. "O kò sọ fún mi pé irin ló fẹ́ jẹ ẹ́."

A tún padà sílé. Èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bí wọ́n bá sọ ọ́ lu ajá, ajá yóò sá. Nígbà tí a dé garáàjì, wọ́n kọ́kọ́ ní "Bìsímílà", wọ́n bù ú jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kọ oúnjẹ, wọ́n gbé e mì láìsí ọbẹ̀, kó má baà jẹ́ pé oúnjẹ ni a fi ń ṣeré. Wọ́n wá fi ìka ara wọn kì í sínú ihò, ó kún dẹ́nu. Ọ̀gá lù ú. Kò sí nǹkan kan. Ìyá àgbà tún kì í. Ọ̀gá tún lù ú. Ìró òòlù yí padà, gbogbo wa la gbọ́ ọ, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà sì sún mọ́ wa. Òrùka náà yọ etí díẹ̀, bí eyín ọmọ ọwọ́ ṣe ń yọ. Wọ́n kì í, ó lù ú, wọ́n kì í, ó lù ú, títí ó fi já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gá, tòun tẹ̀bà.

Bàbá Jùlá arúgbó kan tó ń tún táyà ṣe lódìkejì ló kọ́kọ́ pariwo. "A banna!" Ó ti parí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi sunkún. Wọ́n ní ayọ̀ ni.

Ìdájí ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ jáde ní garáàjì ni wọ́n gbéra. Ìyá àgbà họ ẹ̀yìn fún mi lójú ọ̀nà, níwájú gbogbo àgbàlá, wọ́n ní kí n máa jẹ́ ẹnu rere fún àwọn ènìyàn mi. Nígbà tí bàbá mi padà dé, ó ní wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn láàyè, ojú rẹ̀ sì dá wọn mọ̀. Ìyá àgbà kò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi wọ yàrá náà, orí ẹní kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń sùn títí ẹ̀gbọ́n fi lọ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọn kò padà sí Abidjan mọ́. Mo ti wà ní kọlẹ́ẹ̀jì nígbà tí a gbọ́ pé àwọn náà ti papò dà. N kò tún fojú kàn wọ́n mọ́ láti ìdájí ọjọ́ náà. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n yàn án lónìí, irin náà yóò jáde.

Nǹkan ti yí padà. Àwọn mẹkaníìkì ìsinsìnyí ní irin fún gbogbo ihò. Ìròyìn tí oníṣòwò fi ẹnu gbé wá láti Ṣakí nígbà náà, ojú tẹlifóònù ló ń gbà dé báyìí kí ènìyàn tó jí. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ wà lókè òkun, mo ń rí eyín yín, mo ń rí yàrá yín, ẹ ṣeun. Ẹ máa ń pe èmi ìyá àgbà yín, ẹ ní, "Mamie, en décembre, a ń bọ̀." Mo ti ń gbọ́ décembre yẹn bí ìyá àgbà ṣe gbọ́ demain matin. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ òfúrufú ń gba orí ilé wa ní Koumassi níbí lọ balẹ̀, mo máa ń gbójú sókè wò ó. Kò ké, kò há. Bí nǹkan kan bá wá há lọ́dọ̀ tiyín tí kò jẹ́ kí ẹ lè wá, ẹ sọ ọ́ fún mi. Gàrí ń bẹ nílé.