Ìlara Nọ́ọ̀sì Kíkẹ́

Àìsàn kan wà tí kò gbọ́ abẹ́rẹ́. Òun ló ń ṣe Kíkẹ́ lọ́dún kejì tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ní Èkó. Ìlara ni. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà; inú Kíkẹ́ fúnra rẹ̀ ni tirẹ̀ ń gbé.

Ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò sì mọ ẹnì kankan ní Èkó nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ibi tí wọ́n ń kó òwú sí hàn án. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n nídìí abẹ́rẹ́, àwọn àgbà á máa sín in jẹ. Ilé ìwẹ̀ ló ti máa ń sunkún, á bọ́jú, á jáde. Ẹkún ló fi kọ́ṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì.

Ohun tí kò wá yé e ni bí ayé ṣe yí padà nígbà tí nọ́ọ̀sì tuntun kan, Adùnọlá, dé láti London. Mátírọ́nù Oyèníran, tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà, pe gbogbo wọn jọ.

"Ọmọ yìí kọ́ṣẹ́ nílùú òyìnbó, kò tíì mọ bí a ṣe ń ṣe níbí. Oṣù mẹ́ta la máa fi wò ó ká tó gbà á pátápátá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jágbe mọ́ ọn. Kíkẹ́, ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́. Mú un mọ́ra. Ohun tí kò bá mọ̀, sọ fún un."

"Ó dáa, Mà," ni Kíkẹ́ fi dáhùn. Mú un mọ́ra! Ta ló mú òun mọ́ra? Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mátírọ́nù pe Adùnọlá sí ọ́fíìsì, wọ́n jọ mu tíì. Kíkẹ́ kò wọ ọ́fíìsì yẹn rí àfi bí wọ́n bá fẹ́ bá a wí. Ṣé ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá nìkan ni àlejò, tí ẹni tó wọ bọ́lẹ̀kájà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá di ẹrù?

Èyí tó tún burú jù ni pé ọmọ náà níwà. Ilẹ̀ kò ní mọ́ kó má kúnlẹ̀ kí Kíkẹ́. Bó bá ra búrẹ́dì, á bu ìlàjì fún un. Kíkẹ́ wá àléébù lára rẹ̀ títí, kò rí i, ìyẹn gan-an ló sì ń bí i nínú. Bí ẹni tí à ń jowú rẹ̀ bá gbéra ga, ara á tu ẹni díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó káfíńtà kan láti Pápá Àjàó bí ọmọkùnrin. Ìgbẹ̀bí tí Adùnọlá kọ́kọ́ dá ṣe níbẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣe é dáadáa. Nígbà tó parí, ó gbé ibi ọmọ sínú garawa, ó mú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé pọ̀n, níbi tí Àmúsà agbálẹ̀ ti máa ń sun pàǹtí. Ní London, sísun ni wọ́n ń sun ún. Kékeré ló ti kúrò nílé. Kò mọ̀ pé níbí, ìyá ọkọ ló máa ń wá gbà á, kí wọ́n lè rì í mọ́lẹ̀ nílé bàbá ọmọ.

Kíkẹ́ wà lójú fèrèsé, ó ń fọ ìbọ̀wọ́. Ó rí garawa náà, ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ṣebí ó mọ̀wé," ló wí nínú ara rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí ìyá ọkọ fi dé, tòun ti ìkòkò tuntun lábẹ́ ìborùn.

"Ẹ fún mi ní ibi ọmọ mi."

Adùnọlá wo ìkòkò, ó wo ojú màmá, ó ní òun ti gbé e fún Àmúsà kó sun ún. Màmá káwọ́ lérí, ó figbe ta. Igbe náà mú Mátírọ́nù jáde, ó yíjú sí Kíkẹ́.

"Ṣé o ò sọ fún un ni?"

Kí Kíkẹ́ tó la ẹnu, Adùnọlá ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Wọ́n sọ fún mi, Mà. Èmi ni mo gbàgbé. Ẹ má bá Ẹ̀gbọ́n wí."

Ó yẹ kí ọkàn Kíkẹ́ rọ̀. Kò rọ̀. Ó tún jowú ọ̀rọ̀ yẹn náà, nítorí ó mọ̀ pé òun kò lè sọ irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra. Nígbà tó sáré dé ẹ̀yìnkùlé, Àmúsà ti da kẹrosíìnì sórí pàǹtí, ó ń wá ìṣáná nínú àpò. Kíkẹ́ gba garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e wá fún màmá.

Màmá ṣàdúrà fún un títí. Mátírọ́nù náà yìn ín lójú gbogbo wọn, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti gbà á síṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí Adùnọlá.

"Mi ò lè gba ẹni tí a sọ nǹkan fún, tí kò gbọ́. Ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́, Kíkẹ́, ìwọ náà ni kó o sọ ọ́. Kó dúró ni, àbí kó máa lọ?"

Ohun tí Kíkẹ́ ti ń fẹ́ nìyí, ó wá korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro.

"Kó dúró, Mà," ló wí. "Irọ́ ló pa torí mi. Mi ò sọ fún un. Mo rí i tó ń gbé e lọ, mo sì dákẹ́."

Adùnọlá kò tíì dìde. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀.

"Mo rí yín lójú fèrèsé, Ẹ̀gbọ́n. Mo tiẹ̀ dúró díẹ̀, mo wojú yín. Nígbà tí ẹ ò sọ nǹkan kan, mo rò pé mo ń ṣe é dáadáa ni."