Ohun Tí Olùdámọ̀ràn Ọba Fi Pamọ́ Sẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Ẹ̀pà sísè ni ìyàwó mi ń bó lọ́sàn-án ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀, nínú pálọ̀ wa ní Ìkòsí. Bí ó ti ń bó o ni mò ń jẹ ẹ́. Mò ń ka ìwé ìròyìn, òun ń sọ̀rọ̀ olùdámọ̀ràn ọba.

Inú ìtàn ni olùdámọ̀ràn yìí wà. Ẹnì kan ń kọ ọ́ sórí fóònù, orí kan ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, nípa ìlú kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Inú omi ni wọ́n ti ń mí níbẹ̀, èémí wọn a sì máa mú omi hó díẹ̀díẹ̀ lókè orí wọn. Olùdámọ̀ràn ti lé àwọn ọmọ ọba jáde nílùú, ó ti fi oògùn gba ohùn àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wá. Ìyàwó mi wà nínú ẹgbẹ́ àwọn òǹkàwé kan lórí fóònù, tí wọn kò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa dá àbá nípa ohun tó ń gbèrò lọ.

"Daddy, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́."

"Kì í ṣe adé ló ń wá. Ọba ti kú tipẹ́! Òun ló ń fọhùn bí ọba látẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ẹ̀rí mẹ́ta ni mo ní."

Ó ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀pà lẹ gbájú mọ́."

Nírọ̀lẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú ní ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni mo tan fóònù rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò tíì gbọ́. Orí fóònù nìkan ni wọ́n ti mọ ara wọn. Ohùn ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Owódé Onírin ni mo kọ́kọ́ gbọ́: "Mummy Ìkòsí, ṣé ẹ ti sá ni? Ẹ lẹ́ ẹ máa fi àbá pa wá lẹ́nu mọ́, a ò rí yín mọ́ o!"

Obìnrin télọ̀ kan ní Mende, tó jẹ́ olórí wọn, dá a lóhùn: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wọ́n ń gbèrò ni, bíi olùdámọ̀ràn." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ó wá rán wọn létí òfin. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni orí tó kẹ́yìn máa jáde. Àbá tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, òfo ni. Ohùn ẹni lèèyàn máa fi sọ ọ́, torí àwọn kan ti ń da àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn kọ. Ẹ̀rí mẹ́ta ni ó sì gbọ́dọ̀ ní.

Mo fetí sí gbogbo àbá tó wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó sọ pé ọba ti kú. Bí Jímọ̀ bá kọjá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé pé ìyàwó mi ti rí i.

Ẹ̀rí méjì ni mo rántí. Ọwọ́ òsì ni egungun ẹja máa ń wà nínú àwo ọba, olùdámọ̀ràn sì ń lo ọwọ́ òsì. Ọba kì í sọ̀rọ̀ bí olùdámọ̀ràn bá wà lójú agbo. Ẹ̀kẹta kò sí lórí mi rárá.

Físíìsì ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ilé ìwé. Mo mú bírò àti ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orí kọkànlá ni mo ṣì wà. Ohun gbogbo jọ ẹ̀rí, kò sí èyí tó dá mi lójú.

Ọmọ wa obìnrin, tó ń gbé ní Gbàgádà, ló ń bá mi ṣe gbogbo nǹkan láti ọjọ́ náà, títí kan dídá ẹni tó kí wa lóhùn. Ó pè mí, mo sọ ohun tí mò ń wá fún un. "Daddy, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ látorí fóònù Mummy. Ẹ ṣe bíi pé àwọn ló ń kọ ọ́, ẹ ní ohùn yín há."

Mo tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí mo kà á, mo rí ohun tí mò ń ṣe: ẹni tó ti kú ni mò ń fọhùn fún, láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi. Mo pa á rẹ́.

Aago mẹ́ta ti lù ní Jímọ̀ kí n tó rí i, ní orí kọkàndínlógún. Àwọn ìjòyè dúró níwájú aṣọ ìkélé ọba, olùdámọ̀ràn wà láàrin wọn. Omi ń hó lókè orí gbogbo wọn. Lókè aṣọ ìkélé, omi dákẹ́ jẹ́ẹ́.

N kò lè mọ̀ bóyá èyí ló sọ fún mi.

Mo tẹ bọ́tìnnì ohùn, mo jáwọ́. Mo mu omi, mo tún un tẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Ọkọ Mummy Ìkòsí ni. Ìyàwó mi ti kú. Àbá tó dá rèé." Mo ka ẹ̀rí rẹ̀ méjì. "Ẹ̀kẹta, èmi ni mo wá a. Bí kò bá tọ̀nà, tèmi ni àṣìṣe yẹn, kì í ṣe tirẹ̀."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbé ìka mi kúrò, ó lọ.