Láfún tí a fi pààlà pápá

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn láfún tí ìrì ti sẹ̀ sí, kì í ṣe oúnjẹ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Pápá bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́jì abúlé wa ni, lọ́nà Datcha, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí oòrùn kò tíì yọ dáadáa. Òórùn kíkan yẹn gba gbogbo ibẹ̀, ewúrẹ́ bí ogún sì tẹrí ba lórí pápá bí ẹni ń gbàdúrà.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí bí òpin òjò ṣe máa ń rí. Koríko a ga ju ọmọ ọdún méje lọ. Kí ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló máa ń fi àdá gé e. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi gé e lọ́dún tí mò ń wí yìí. Wọ́n dí ihò òkété, wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀ ní ìhà méjèèjì, àwọn ìyá wọn sì rẹ ẹ̀wù àtijọ́ láró kí gbogbo wọn lè jọra. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, tí gbogbo wa ń pè ní Mẹ̀siyé, a máa mú wọn sáré gun òkè lójoojúmọ́, òun náà a máa mí hẹlẹhẹlẹ tẹ̀lé wọn nínú bàtà tó fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì.

Kòmlá ẹ̀gbọ́n mi ni aṣọ́lé. Kòjó ọmọ alágbẹ̀dẹ wà níwájú, Yàwó àti Kòsí tí ìyá kan náà bí wà lẹ́yìn. Èmi ò kọjá kíláàsì kẹrin, ṣùgbọ́n mo ṣì lè ka orúkọ àwọn mọ́kànlá náà bí ẹni ń ka ìka ọwọ́.

Bàbá wa kò kórìíra bọ́ọ̀lù. Àgbẹ̀ ni, iṣu sì ń bẹ nílẹ̀ tí a kò tíì wà, òwú ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ ní kúkúrú: "Bí ẹ bá ń gbá a nílé, mo gbà. Bó bá jẹ́ Atakpamé lẹ ó máa lọ gbá a, Kòmlá, oko ni wàá wà." Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣètò ìdíje ń bọ̀ láti Atakpamé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn gan-an láti wá wo pápá. Bí pápá kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, òde ni kọ́lẹ́jì wa yóò ti máa gbá gbogbo bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún náà. Ìyẹn ni pé Kòmlá kò ní gbá a rárá.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìlà nìkan ló kù. Ẹfun tí Mẹ̀siyé ránṣẹ́ sí ìlú fún kò dé. Ẹnìkan dárúkọ eérú, Mẹ̀siyé ní ojú kò ní rí i lókèèrè, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e lọ. Kòmlá lọ jókòó sídìí òpó, ó ń ki koríko bọ ẹnu. Èmi tí mo pọn omi wá fún wọn, mo wò ó títí, ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, láfún Ìyá funfun."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìyá wà lódò. Agbọ̀n méjì ni mo gbé jáde, a sì fi fa ìlà náà yí pápá ká, ó funfun báláú. Ọmọ Lomé ni Mẹ̀siyé, kò mọ̀ pé àwọn ewúrẹ́ abúlé wa kì í sùn nínú ọgbà. Àwa tí a mọ̀, inú wa dùn jù, a ò rántí.

Ní òwúrọ̀, igun kan ṣoṣo ló kù nínú ìlà náà, àwọn adìẹ sì ti wà lórí ìyẹn. Kòjó kúnlẹ̀ níwájú mi bí ẹni ń kí àgbà. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ewúrẹ́. Ẹ se àpèjẹ fún àwọn ọmọ yín, ẹ ò tilẹ̀ pè wá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Kòmlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo sunkún, mo sunkún débi tí ojú mi fi wú.

Àsìkò náà ni Bàbá ń kọjá lọ sóko pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mọ́kànlá, ọkọ́ léjìká. Àáró rẹ̀ ló kàn. Ẹ mọ bí àáró ṣe ń yí: oko àwọn mọ́kànlá wọ̀nyẹn ni Bàbá ti bá wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ tirẹ̀ tó pé, bí ọjọ́ náà bá sì ti kọjá, ó di ìgbà mìíràn. Ó dúró. Ó bèèrè ẹni tó da oúnjẹ sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Kòmlá dìde nídìí òpó, ó ní, "Èmi ni, Bàbá."

Bàbá wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi tó ti wú. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní, "Ohun tí ewúrẹ́ lè jẹ, a kì í fi í pààlà." Ó wá kọjú sí àwọn ọkùnrin náà: "Ibí ni oko mi lónìí."

Wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n sì ta okùn bí ìgbà tí a bá fẹ́ kọ ebè kó gún. Wọ́n fi ọkọ́ wa ìlà wọ inú ilẹ̀ pupa, kò jìn ju ìka mẹ́rin lọ, yí pápá ká. Ìyá ti ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú ariwo nítorí láfún rẹ̀. Nígbà tó rí ohun tí wọ́n ń ṣe, ó yí padà, ó lọ kó àwọn obìnrin, wọ́n ru eérú wá, wọ́n sì dà á sínú ìlà náà níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá fà mí létí.

Àwọn àlejò dé lọ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn ń rìn lọ bó ti ń kọ̀wé, ẹsẹ̀ rẹ̀ jìn sínú ìlà, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ó wo ilẹ̀, ó ní òun kò rí irú èyí rí, ó sì fọwọ́ sí pápá náà. Lọ́dún yẹn, a kò borí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ṣùgbọ́n ilé la ti gbá a, Kòmlá ló sì ṣọ́ ilé. Bàbá, Kòmlá àti èmi la wa iṣu oko náà tán, àwa mẹ́ta péré, títí ọyẹ́ fi mú. Bàbá kò fi ọ̀rọ̀ náà dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi rí.

Orúkọ tí Kòjó sọ mí kò kúrò lára mi mọ́. Mo lọ́kọ, mo bímọ, Kòmlá kò yé pè mí ní Ìyá Ewúrẹ́. Ní ọdún yìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ àìsàn nílé rẹ̀ ní Atakpamé, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Nígbà tí mo wọlé, ó la ojú. Ó ní, "Ìyá Ewúrẹ́, ìlà náà ńkọ́?" Mo ní ó wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni a sin ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ wo pápá náà, bóyá irọ́ ni mo pa fún un. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gé koríko, ẹfun wọn wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó irin. Mo rọra ń lọ, ọ̀pá mi sì jìn sínú kòtò kékeré kan lábẹ́ koríko, ní igun tó kọjú sí òkè. Mo dúró lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti sunkún níbẹ̀ nítorí pé wọ́n pè é ní orúkọ kan. Èmi arúgbó wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo sì fẹnu ara mi pe orúkọ náà, kí n ṣáà tún gbọ́ ọ. Kò dún bí ìgbà tí Kòmlá bá pè é.