Fáìlì Kékeré Tí Ìyàwó Mi Kọ

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan bó ẹyin sísè fún mi. Ó ń wò ó lójú rẹ̀, ọmọ tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ náà. Nígbà tí iṣẹ́ gbé wa wá sí Enugu ló ti fúnra rẹ̀ kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré tó fi ń wò ó: ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé inú ìjọ Yorùbá wa àti nọ́ńbà fóònù ilé wọn, gbogbo rẹ̀ nínú fáìlì kan ṣoṣo. Á pè wọ́n, á gbàdúrà fún wọn ní Yorùbá, wọn á dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti dágbére fáyé.

Lẹ́yìn oṣù méjì, kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò tàn mọ́. Ìyàwó mi kò kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ náà síbòmíràn. Mo yọ dísìkì inú rẹ̀, mo da fáìlì náà láti ibẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù mi, kò ṣí. COM ló parí orúkọ rẹ̀, EXE ló parí ti àwọn ètò tèmi, ni mo bá fi EXE rọ́pò COM. Kò mira. Mo mọ ohun tí ì bá sọ: “Bàbá Ìbejì, ẹ dé fìlà tuntun fún arúgbó, ẹ wá ní kó máa sáré.”

Ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ogui ló ṣàlàyé ohun tí ìyàwó mi ti sọ rí tí n kò fetí sí. COM kì í ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tuntun kò sì gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́. EXE ló kọ́kọ́ gbé ìwé ìtọ́ni síwájú, pẹ̀lú lẹ́tà méjì, M àti Z. EXE òde òní ṣì gbé lẹ́tà méjèèjì síwájú, àti ètò àtijọ́ tíntín kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tọrọ àforíjì lórí ẹ̀rọ àtijọ́ pé òun kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní ètò kan wà tó ń sín ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ nínú ẹ̀rọ tuntun. Ó fẹ́ bá mi fi í sórí láptọ́ọ̀pù mi. Mo ní kó kọ orúkọ rẹ̀ fún mi. N kò fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ ṣí fáìlì ìyàwó mi.

Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ojú ẹ̀rọ dúdú, ọ̀rọ̀ ìyàwó mi sì yọ ní funfun, láìsí àmì ohùn, nítorí ẹ̀rọ ìgbà náà kò mọ̀ ọ́n:

E kaaro. Ta ni a o pe lonii?

Ọmọbìnrin kan ní Abakpa ni ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sí òní. Mo pè é. Ó kí mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbàdúrà náà fún un ní Yorùbá, títí dé àmín.