Ọrùn Ṣẹ́ẹ̀tì Mi

Òórùn búrẹ́dì ni mo fi máa ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin láyé ìgbà yẹn. Ilé búrẹ́dì kan wà lójú ọ̀nà Ìdimù tí wọ́n ti máa ń kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò kan, á bá èèyàn lórí ibùsùn. Bí o bá mọ bí búrẹ́dì gbígbóná ṣe ń pe ẹni tí kò tíì jẹun, ọ̀rẹ́ mi, wàá mọ̀ pé ìyà kékeré kọ́ ni mo jẹ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú ilé náà láràárọ̀, tí mi ò sì gbọdọ̀ yà síbẹ̀.

Mo sanra nígbà náà. Akọ̀wé ni mí ní Ìkẹjà, àwọn ará ọ́fíìsì sì ń pè mí ní Alága, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣe alága ẹgbẹ́ kankan. Ikùn mi ni wọ́n ń wò. Inú mi a sì máa dùn, torí lọ́dọ̀ tiwa, ara ọkùnrin ni ẹ̀rí pé ilé rẹ̀ tòrò, pé aya rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Àfìgbà tí orí fífọ́ kan dé tí kò fẹ́ lọ, tí mo gba ọsibítù lọ. Dókítà obìnrin tó rí mi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó tún un wọ̀n, ó wá bi mí pé kí ló pa bàbá mi. Mo ní oko ni wọ́n ṣubú sí, apá kan ara wọn kú, wọn ò sì dìde mọ́. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Sà, ẹ máa lo oògùn tí mo bá kọ fún yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ fọn díẹ̀. Ẹ má febi pa ara yín o. Ara tí ẹ ti ń kó jọ láti ọjọ́ yìí, ẹ ò lè tú u ká lọ́sẹ̀ méjì."

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù yẹn ló sì jẹ́ kí n máa sáré. Omi àti ọsàn nìkan ni mo ń fi sẹ́nu, mo ń fọ́nnu fún ìyàwó mi pé kó tó di ìparí oṣù, màá ti ṣẹ́ pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò pẹ́ tí òyì fi kọ́ mi ní ibùdókọ̀ Ìkọ̀tun, tábìlì obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo dì mú. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, tíṣà ni ìyàwó mi, ó wò mí bó ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ya olóríkunkun.

"Dádì, dókítà ní kẹ́ ẹ rọra, ẹ̀yin ń sáré. Ta ló ń lé yín, jàre? Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní abọ́ tánganran kan, etí rẹ̀ ní búlúù, kò ju èyí tí wọ́n fi ń fún ọmọdé ní ògì lọ. Inú rẹ̀ ló máa ń bu ẹ̀bà mi sí, tó bá ti kún géérégé, ó parí. Ẹ̀fọ́ ló wá ń bù rẹpẹtẹ, àti ẹ̀wà, àti ẹja tí a ò fi òróró dín. Ebi kì í pa mí sùn, ọkàn mi kàn máa ń ṣàárò òkìtì ẹ̀bà ni. Mo sì ń rìn láràárọ̀, lákọ̀ọ́kọ́ dé ilé búrẹ́dì, nígbà tó yá dé Ìdimù. Fún ìgbà pípẹ́ mi ò rí ìyàtọ̀ kankan, mo sì máa ń bínú sí dígí. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́jọ́ kan mo fa bẹ́líìtì mi, ó wọ ihò tó tẹ̀ lé e, mo sì kọrin nílé ìwẹ̀.

Àwọn èèyàn ni kò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. Bàbá onílé wa, ọmọ onílẹ̀ gidi, máa ń pàdé mi bí wọ́n bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀.

"Akọ̀wé, mọ́tò yín dà?"

"Ó wà nílé, Bàbá."

"Ẹ wá ń fẹsẹ̀ rìn? Ẹ ti ń gbẹ o. Ṣé kò sí wàhálà lọ́ọ̀dẹ̀?"

Ọ̀ọ̀dẹ̀ tí wọ́n dárúkọ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú àdúgbò kúrò lára mi, ó bọ́ sára ìyàwó mi. Nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin á dákẹ́ tó bá yọ. Ọkùnrin rírù, obìnrin ahun: bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ nìyẹn. Ará ìlú wa kan tó wá kí wa ló gbé ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Èkìtì.

Ìyá mi ò ránṣẹ́ kí wọ́n tó dé. Mo ti ọ́fíìsì bọ̀, mo bá wọn ní pálọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo dìde, wọ́n ki ìka méjì bọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi, ìka náà sì ráyè yí po. Wọn ò wo ojú mi, ojú ìyàwó mi ni wọ́n wò.

"Ta ló ń jẹ oúnjẹ ọmọ mi?"

Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní dókítà wo ni kò fẹ́ kí ọmọ àwọn jẹun. Wọ́n gba ilé ìdáná, wọ́n gún iyán, òkìtì rẹ̀ ga lórí àwo. Mo jẹ ìdajì, mo fi èyí tó kù sílẹ̀, omi sì lé sójú wọn. Lọ́jọ́ kejì, níbi tí ìyàwó mi ti ń sá aṣọ, ó sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn.

"Mo lè fara da ti àdúgbò. Ṣùgbọ́n tí Màmá bá gbé ọkàn yìí délé, mo ti di ẹni tó fẹ́ pa ọmọ wọn nìyẹn."

Ó dùn mí wọra. Bí mo bá jẹ òkìtì yẹn kí orúkọ rẹ̀ lè mọ́, ọ̀nà bàbá mi ni mo ń tọ̀. Bí mi ò bá jẹ ẹ́, òun ni yóò ru ẹ̀gàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, lọ́rì tó kó iṣu ìyá mi láti Èkìtì dé. Òjò ti rọ̀ lóru, ojú ọ̀nà wa ti di ẹrẹ̀, awakọ̀ ní òun ò lè gun òkè wa. Ó já iṣu sílẹ̀ ní oríta. Mo kó èyí tí mo lè gbé sínú àpò, mo gbé e lé èjìká, ìyá mi tẹ̀ lé mi pẹ̀lú agboòrùn. Wọ́n ń sọ ìtàn ìjà kan tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, èmi náà ń dá sí i, mò ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, mi ò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Mo rò pé ẹrẹ̀ ló gba bàtà wọn. A dé iwájú ilé, mo sọ àpò kalẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí.

"O ò sinmi lọ́nà."

"Kò rẹ̀ mí, Màmá."

Báàgì ọwọ́ wọn lásán ni mo gbé nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, mo sì dúró mí lórí òkè kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà, wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Lọ́dún tí bàbá rẹ kú, kí wọ́n tó ti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ọsàn, wọ́n á ti dúró mí. Mo ní ara ló ń dá wọn lọ́lá. Mò ń gún iyán sí i."

Wọ́n bú sẹ́kún, mo sì dì wọ́n mú. Mo ní wọn ò mọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Ìyàwó mi jáde wá, ó bá wa nínú òjò winniwinni tó tún bẹ̀rẹ̀, kò bèèrè nǹkan kan, ó kàn gba agboòrùn lọ́wọ́ wọn, ó ṣí i bò wọ́n.

Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n tún gún iyán. Ìyàwó mi ti fẹ́ yẹra kúrò ní ilé ìdáná bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n dé.

Ìyá mi ní, "Ibo lò ń lọ? Gbé abọ́ ẹlẹ́tìí búlúù yẹn wá, ìyàwó mi."

Wọ́n fi iyán kún un, wọ́n fi ṣíbí gé orí rẹ̀, wọ́n dà á sórí àwo mi. Wọ́n wò ó títí.

"Ó mà kéré o!" Ẹ̀rín pa wọ́n. "Ó tó, ó tó. Bu ẹ̀fọ́ sí i."

Nígbà tí wọ́n fi máa padà sí Èkìtì, wọ́n ti bá ìyàwó mi dé ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́ pé òun ló ń tọ́jú ọmọ àwọn. Mo ti lo ọdún láyé ju bàbá mi lọ báyìí. Mo máa ń rò ó pé ká ní mo fi ìkánjú rù bí mo ṣe kọ́kọ́ fẹ́, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ì bá gbà, mi ò sì ní lókun tí màá fi gbé àpò iṣu gun òkè kankan lójú ìyá mi. Ìrọra yẹn ló fún ara mi láyè, òun náà ló fún ìyá mi láyè láti bá mi dé ibi tí mò ń lọ.

Títí wọ́n fi kú, ìgbàkígbà tí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn tí mo dìde nílẹ̀, wọ́n á ki ìka méjì bọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi. Bí ó bá gba ìka, wọ́n á gbàdúrà fún mi. Bí ó bá fún, wọ́n á fajú ro, wọ́n á kọjú sí ìyàwó mi, wọ́n á ní, "Ṣé abọ́ wa ti fọ́ ni?"