Ẹ Má Pe Ìyá Mi Ní Aláìkàwé

Háà, Màmá! Ikú ti mú yín lọ, ìbínú kò sì jẹ́ kí n ráyè sunkún. Ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́ tí ẹ wá bá wa sin ìyá yìí, ẹ jẹ́ kí èmi Dúpẹ́, àkọ́bí wọn, sọ ọ́ bó ṣe rí nínú mi.

Ìwé mẹ́fà péré ni ẹ kà, Màmá, kí bàbá yín tó ní obìnrin kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́ṣẹ́ táípì ní Ìkàrẹ́, ẹ sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Àkùngbá, nítòsí yunifásítì. Láràárọ̀ ni ẹ ń gun ọ̀kadà kúrò nílé wa ní Ìwàrò, dikiṣọ́nárì tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya wà nínú báàgì yín. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ ń tẹ̀. Ẹ kì í kàn tẹ̀ ẹ́, ẹ ń kà á. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ ó fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó ní, "Ọmọ mi, tún èyí wò."

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ó fẹ́ yin ọ̀gá rẹ̀ pé ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ó wá kọ "eruditic." Ẹ ṣí dikiṣọ́nárì, ẹ fi hàn án pé "erudite" ni. Ojú tì í níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló bá fi ìbínú bo ìtìjú. Ó na ìka sí yín lójú: "Ta ni ìwọ illiterate tó ń kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì? Tẹ ohun tí mo kọ!"

Mo wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, ẹ̀rù ọkùnrin yẹn sì bà mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Màmá wa ò kàwé ni."

Ẹ tẹ "eruditic" fún un. A padà sílé. Àárín iyán gígún ni ẹ ti gbé ọmọ odó sílẹ̀, tí ẹ wò mí: "Dúpẹ́, ta ló ń ka gbogbo ìwé tí wọ́n ń kọ yẹn? Àwọn tó kọ ọ́ gan-an kì í padà kà á. Èmi ni mò ń kà á. Kí wá ni wọ́n ń pè ní kéèyàn kàwé?"

Ẹ wá là á yé mi. Ẹ ní "literate" ni ẹni tó lè kà, tó lè kọ. "Scholar" ni ẹni tó fi ìwé ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. "Erudite" ni ẹni tí ìmọ̀ ìwé ti jinlẹ̀ nínú rẹ̀. "Èmi ò ní yin ara mi láṣejù," ni ẹ wí. "'Well-read' ni tèmi, ẹni tó ti ka ìwé púpọ̀. Mo ti kà."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó yẹ iṣẹ́ ọkùnrin náà wò fi bírò pupa yí "eruditic" ká. Ó rán èèyàn gbé e wá kí ẹ tún un tẹ̀. Ẹ tún un tẹ̀. Kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kò sì tọrọ àforíjì títí ẹ fi kú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin yìí kan náà, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, kọ ọ̀rọ̀ ìyìn ránṣẹ́ kí a fi sínú ìwé ìsìnkú yìí. Ó pè yín ní "humble, unlettered woman." Unlettered! Ẹni tí kò mọ lẹ́tà! Ẹ̀yin tí ẹ tẹ lẹ́tà títí oríkèé ìka yín fi wú!

Mo fà á ya. Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Ìwàrò, bẹ̀ mí: "Dúpẹ́, èèyàn ńlá ni. Orúkọ rẹ̀ á buyì kún òkú wa." Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kò ní sí níbẹ̀." Bó bá wà láàárín wa lónìí, kó jókòó jẹ́jẹ́. Ojú ìwé tí mò ń kọ èyí sí ni tirẹ̀ ì bá wà.

Àmọ́, Màmá, òun kò mọ̀ yín. Èmi mọ̀ yín. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni ẹ fi rán mi níwèé, ìwé náà ni mo sì fi tẹ́ńbẹ́lú yín lójú àlejò. Ìbínú tí mò ń bí sí i kò tó èyí tí mò ń bí sí ara mi. Ọdún gorí ọdún, mò ń sọ pé màá bẹ̀ yín lọ́la, ikú sì dé kí ọ̀la tó dé.

Mo bẹ̀ yín lónìí, lójú gbogbo ayé. Ẹ dárí jì mí. Ó dàárọ̀, ìyá mi. Ẹ sùn re, ẹ sùn re o.

Ọmọ yín,
Dúpẹ́