Ààwẹ̀ Tí Mo Gbà Lórí Kẹ̀kẹ́

Mo rántí ìgbà tí mo fi inú òfìfo gun kẹ̀kẹ́ la àwọn òkè Alps kọjá, tí mo sì rò pé ọgbọ́n ni mò ń dá. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní South Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, mọ̀ pé mi kì í wá wàhálà kiri. Wọ́dà ni mí ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh. Láti ibi iṣẹ́ dé ilé, láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó parí. Kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ mi obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ, ló fi òkè kó bá mi.

Ọmọ náà ní iṣẹ́ gidi ní ọ́fíìsì kan láàárín Lọ́ńdọ̀nù. Àfi bó ṣe délé lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan tó ní òun fẹ́ fi í sílẹ̀, òun fẹ́ lọ máa gbé ní Austria, kí òun máa fi kẹ̀kẹ́ ṣamọ̀nà àwọn tó ń wá ṣeré lórí òkè. Mo bi í pé ṣé èyí náà là ń pè níṣẹ́. Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí kì í pariwo, fọwọ́ lẹ́rán. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Nígbà tí mo dákẹ́, ọmọ náà ní, "Daddy, just come with me, ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹ wo nǹkan tí mo fẹ́ máa ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. I promise."

Mo gbà kíá, nítorí mo rí ọ̀nà ẹ̀bùrú níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, omi nìkan ni wọ́n gbà láyè. Ìrìn-àjò náà bọ́ sí àárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹlòmíràn ìbá sún ọ̀kan síwájú, èmi ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe yẹ kó rí. Bí ọmọ bá ń fi òkè wá ojúure mi, èmi náà á máa fi ààwẹ̀ bẹ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀ pé kó yí i lọ́kàn padà. Mi ò sọ fún un, mi ò sì sọ fún ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gun òkè Lesnes Abbey nítòsí ilé wa láti múra sílẹ̀, tí mò ń yan káàkiri ilé bí ẹni tó ti ṣẹ́gun. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò lè gbé eèrà, tó ń kùsà sí erin, ara rẹ̀ ló fẹ́ ṣe léṣe. Bí mo bá rántí òkè Lesnes Abbey báyìí, ebè iṣu lásán ni.

Mẹ́rin ni wá: èmi, ọmọ mi tó ń ṣáájú, àti tọkọtaya arúgbó kan láti Germany tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba ọmọ mi ló ní kó fi wá dánra wò. Àfonífojì kan ní Austria la ti bẹ̀rẹ̀, koríko tútù lọ́tùn-ún lósì. Kò pẹ́ tí ọ̀nà di òkúta wẹẹrẹ, tó dojú kọ òkè, tí kò sì sọ̀ mọ́. Mo ti di gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti ata díndín sínú àpò ẹ̀yìn mi, torí mi ò fọkàn tán ohun tí wọ́n á fún mi fi ṣínu. Ẹrù tó fúyẹ́ ní Thamesmead wá ń fà mí lọ́rùn sẹ́yìn. Àwọn arúgbó náà kọjá lára mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń juwọ́. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó mọ̀ pé bátìrì ló wà lára kẹ̀kẹ́ tiwọn. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé àdúrà ọ̀sán.

Bó bá ti di ọ̀sán, ọmọ mi á pín búrẹ́dì àti wàràkàṣì fún wa. Mo máa ń ní màá jẹ tèmi lójú ọ̀nà, màá sì kì í bọ àpò. Mo mọ̀ pé irọ́ kò yẹ ẹni tó ń gbààwẹ̀, mo sì tún ń pa á. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: bí mo bá dijú pé kí n gbàdúrà, ìrẹsì àti dòdò ni mò ń rí. Gbogbo nǹkan ló ń bí mi nínú, agogo ọrùn màlúù, ìjókòó kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò mọ̀ pé ènìyàn nídìí, àwọn tó ń kí mi lédè tí mi ò gbọ́. Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ bàbá arúgbó já nínú òjò, ó tún un ṣe láì gbóhùn sókè. Ẹ̀rù ba ìyá arúgbó níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá a rìn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi débi tó tẹ́jú. Mi ò fẹ́ rí i. Mo yáa ń wo táyà mi.

Ní ọjọ́ kẹta, à ń lọ síbi tí ọ̀nà ti ga jù, àlàfo láàárín òkè méjì, tí yìnyín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kù díẹ̀ ká débẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ojú mi ṣú. Nígbà tí mo la ojú, èmi àti kẹ̀kẹ́ ti jọ wà nílẹ̀ nínú koríko, ọmọ mi sì ti ń tú àpò mi láti wá oúnjẹ. Búrẹ́dì ọjọ́ kìíní àti ti ọjọ́ kejì ló bá níbẹ̀, torí ìyá mi ò kọ́ mi ní kí n máa da oúnjẹ nù. Ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Daddy, ẹ ń fast?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé nítorí kí ni. Ǹ bá parọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò sí lára mi mọ́. Mo ní nítorí tirẹ̀ ni, kó má bàa lọ.

Ó ní kí àwọn arúgbó náà máa lọ jókòó síwájú nínú oòrùn. Ó wá jókòó tì mí lórí òkúta. Kò sunkún, kò pariwo, ìyá rẹ̀ ló jọ.

"Ẹ lè kú síbí, Daddy, because of me. Ó ti tó. Mi ò lọ mọ́. Màá call wọn nírọ̀lẹ́ yìí. Ẹ ṣáà jẹun."

Ohun tí mo torí ẹ̀ febi pa ara mi nìyẹn, ó dé lọ́sàn-án gangan, kò tiẹ̀ jẹ́ kí aago mẹ́fà lù. Àmín ló kù kí n ṣe. Mo wá wo ojú ọmọ mi. Mo ti rí irú ojú yẹn rí níbi iṣẹ́, lójú ẹni tó ń sùn ní Belmarsh fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú bí mi sí i, ó bí mi sí ara mi, mo sì rò pé ó bí mi sí Ọlọ́run náà, kó foríjì mí.

Mo ní, "Gbé búrẹ́dì yẹn wá. Kí o sì pè wọ́n pé ò ń bọ̀."

Búrẹ́dì náà le, wàràkàṣì inú rẹ̀ ti ń rùn. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ìyẹn náà sì tún sú mi. Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun ní àlàáfíà.

Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí tó ti ń gbé lọ́hùn-ún. Ilé wa dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyá rẹ̀ sì ń bi mí nígbà mìíràn pé kí ló dé tí mo gbà fún un. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí a jọ gbààwẹ̀ ọdún yẹn ṣì máa ń béèrè pé ṣé Ọlọ́run ti dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Mo máa ń ní a ṣì ń retí. Wọ́n á fọwọ́ gbá mi léjìká, wọ́n á ní àkókò Rẹ̀ ló dára jù. Mi ò tíì ní ẹnu tí màá fi sọ fún wọn pé ó ti dá mi lóhùn, èmi ni mo dá ìdáhùn Rẹ̀ padà.